Omi Àdúrà Inú Ẹ̀rọ Mi

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn Màgàríbì

Kí n kúkú jẹ́wọ́ fún ara mi: omi àdúrà tí Màámi gbà lọ́wọ́ àáfà ni mò ń dà sínú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi nímú lójú oorun, dípò omi tí dókítà júwe.

Ikọ́ ti wọ àyà báyìí.

Ní ilé ìwòsàn Ring Road lónìí, dókítà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé omi tí mo sọ lẹ ń lò?" Màámi jókòó tì mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò lè dójú ti Màámi.

Bí a ṣe jáde, wọ́n ní, "Má mikàn, Àlàó. Àìsàn ló ń bá ikọ́ jáde yẹn."

Bí n kò bá lo ẹ̀rọ, èémí á máa dá dúró. Bí mo bá sì lò ó… ibo ni n ó gbà?

Lọ́la, èmi nìkan ni n ó padà lọ sọ òtítọ́ fún dókítà.