Ẹ Má Pariwo Olè Nítorí Pijó Yín

Bàbá Ilésanmí,

Dòdò yín wà lábẹ́ àwo. Ẹ má pariwo olè, èmi ni mo gbé mọ́tò.

Nígbà tí ẹ wọlé lọ wẹ̀ láàárọ̀ yìí, Mísì Fẹ̀hìntọlá, tíṣà tí ẹ máa ń gbé lọ sí iléèwé, kanlẹ̀kùn. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, pé tí ẹ bá ti pààrọ̀ Pijó yìí sí ọtòmátíìkì, ẹ máa fi kọ́ òun ní mọ́tò. Ẹ sì sọ fún mi pé orúnkún ni kò jẹ́ kí ẹ lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́! Orúnkún yẹn náà lẹ fi ń sáré lọ ṣílẹ̀kùn fún un lójoojúmọ́. Láti 1974 tí ẹ ti fẹ́ mi ni mo ti ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́ mi, ẹ ní mọ́tò tó ń sáré báyìí kì í ṣe ti obìnrin.

Mo bi yín o: tí ọwọ́ ọ̀tún yín kò bá ní jíà tí yóò máa fà mọ́, orí itan ta ló fẹ́ máa gbé?

Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí Lásúnkànmí àbúrò mi ti ń fi takisí rẹ̀ kọ́ mi ní Makun. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibi tí ẹ ń lọ ní Ìkẹ́nnẹ́. Mísì yín ti jókòó síwájú mọ́tò báyìí, ó ń kun àtíkè. Ó rò pé ẹ̀yin lẹ ń bọ̀.

Èmi,
Ìyá Ilésanmí