Ẹ̀rí Tí Bàbá Gideon Fáníyì Ní Kí A Tún Jẹ́

Inú lẹ̀jẹ̀ ń gbé ká tó tutọ́ funfun jáde. Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ ka ìwé yìí. Bàbá fúnra wọn ló ní ká kọ ọ́ báyìí, bí ojú tilẹ̀ ń ti àwa ẹbí.

Ọdún 1948 ni a bí Olóògbé Gideon Adédèjì Fáníyì sí Odò-Ọjà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ọmọ àgbẹ̀ tí kì í jókòó de òjò, ọmọ òkè tí ẹ̀fúùfù ò lè ṣí nídìí. Ìyá wọn, ọmọ Emùré, ló fi Bíbélì kọ́ wọn ní ìwé kíkà nínú ilé kí wọ́n tó fojú kan síléètì. Wọ́n di olùkọ́ ní 1969, wọ́n sì kọ́ni ní Ìlawẹ̀, Ìṣẹ̀ àti Ìkẹ́rẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìntì ní 2004. Ọdún 1974 ni wọ́n gbé Adéfúnkẹ́, ọmọ Ìṣẹ̀, níyàwó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ṣì ń sọ ọ́: Bàbá kì í na ẹni tó ṣi ìṣirò ṣe, ẹni tó bá purọ́ ni wọ́n ń nà.

Ní 2019, egbò mú Bàbá nínú ìfun. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, wọ́n rù kan eegun. Dáraọlá, àbíkẹ́yìn wọn, ń ṣe ìwádìí ní Ìbàdàn: òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń mú kòkòrò tín-ín-tìn-ín tó ń gbé nínú ìfun ènìyàn, wọ́n ń tún àbùdá rẹ̀ ṣe, kí ó lè máa pèsè oògùn sójú egbò níbẹ̀. Bàbá fọwọ́ síwèé, wọ́n wọ inú ìwádìí náà. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi gbé kápúsù tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ mì láràárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ dá.

Ṣùgbọ́n nítorí kòkòrò inú ìfun yìí, "dókítà ìgbẹ́" ni àwọn kan nínú ìjọ ń pe Dáraọlá. Nígbà tí Bàbá, tí í ṣe Bàbá Ìjọ, dìde dúpẹ́ ní 2022, ojú tì wọ́n láti dárúkọ kòkòrò. Wọ́n ní òróró àdúrà nìkan ló wo àwọn sàn. Ìjọ hó yèè. Lẹ́yìn ìsìn, Dáraọlá kúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ kú ìdúpẹ́ o."

Bánjọ, àbúrò Bàbá, tí irú egbò kan náà ń bá jà, gbọ́ ẹ̀rí yẹn. Ó pa oògùn dókítà tì, ó di òróró mú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá ránṣẹ́ pè é kí àwọn lè jẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n bá a sọ̀rọ̀ iṣu títí ó fi padà sílé.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, lórí ibùsùn, Bàbá ní kí Ìyá, Adéfúnkẹ́ aya wọn, kọ òtítọ́ sílẹ̀. Ìyá ní, "Bàbá Bándélé, inú ìwé ìsìnkú kẹ̀?" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ibẹ̀ gan-an. Mi ò ní í sí níbẹ̀ kí ojú tún tì mí."

Àìsàn ọkàn ló mú wọn lọ; ìfun kò tún dà wọ́n láàmú. Ọlọ́run ló wò wọ́n sàn. Ọwọ́ ọmọ wọn ló lò, ọwọ́ yẹn sì ni Bàbá fi pamọ́. Dáraọlá, gbogbo wa tọrọ àforíjì.

Wọ́n fi ìyàwó sílẹ̀, ọmọ mẹ́ta, Bándélé, Táyé àti Dáraọlá, ọmọ-ọmọ méje, àti Bánjọ, tó jókòó láàárín wa lónìí.

Kí Olúwa aláàánú tẹ́ ibùsùn ire fún yín, Bàbá. Ẹ sùn re o. Bí Bàbá ṣe sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọn ni a ṣe kọ ọ́:

"Bánjọ, irọ́ ni mo pa. Jọ̀ọ́, bá Dáraọlá lọ sí Ìbàdàn."