Bí A Ṣe Wẹ Ẹsẹ̀ Àwọn Ìyá Ẹlẹ́ja

Ìyá mi,

Ẹ kú èéfín ìdí ààrò. Ara mi le, iṣẹ́ Olúwa sì ń lọ dáadáa ní Bàrígà níbí. Wọ́n ti fi mí sínú ẹgbẹ́ áṣà, èmi ni mò ń gba èrò lẹ́nu ọ̀nà. Inú yín á dùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Pásítọ̀ wa ní àwọn fẹ́ wẹ ẹsẹ̀ àwọn ìyá ẹlẹ́ja àdúgbò Ìlàjẹ, bí Jésù ti ṣe. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Àfi bí Màmá Pásítọ̀ ṣe pè mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi kàn-ìn-kàn-ìn àti Détọ́ọ̀lù fọ ẹsẹ̀ àwọn ìyá náà, nítorí òórùn ẹja. Mo sì fọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn, tó dàgbà jù yín lọ, ní, "Ọmọ mi, mo ti wẹ̀ kí n tó wá o."

A wọlé, mo rí i pé ìbọ̀wọ́ ni Pásítọ̀ wọ̀! Ó fi ìka méjì kan omi, ó yíjú sí kámẹ́rà, gbogbo ìjọ ń pàtẹ́wọ́. Ìríra gbáà! Ọwọ́ tèmi náà ṣì ń rùn sí mi títí di òní.

Ẹ ní ẹ ń bọ̀ wá bá mi jọ́sìn lọ́dún Àjíǹde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá. Èmi ni mò ń bọ̀ nílé. Ẹ bá mi kí Oyinkọ́lá àbúrò mi. Tí ẹ bá sì gbọ́ pé mo ti dé èbúté, ẹ jókòó sídìí ẹja yín, ẹ má wẹ ẹsẹ̀ dè mí.

Èmi ni,
Tolúwalọpẹ́ yín.