Ìkòkò Tó Ń Wọ Ẹ̀wù

Yàrá Kejì, Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
Ẹ̀yìn Ilé-iṣẹ́ Òróró.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, aránṣọ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í sùn,

Mo kí yín, mo tún yín kí. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ìyá wa ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbà kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó máa ń fi sísọ́ọ̀sì gé ìwé bí ẹni ń gé aṣọ? Ẹ̀rọ ìránṣọ yín tó ń ké bí adìyẹ tó fẹ́ yé, ṣé ẹ ti fún un ní òróró? Ara tèmi le koko. Irun mi nìkan ló ń rùn bí òróró lárà, ọṣẹ ò sì ràn án.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní ẹ gbọ́ pé ìkòkò ilé-iṣẹ́ wa ru sókè, ó sì jó ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ ní kí n di ẹrù mi, pé ẹ ó rán ọkọ̀ wá mú mi bí oṣù bá parí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ ná, kí ẹ tó dájọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìkòkò ọ̀hún. Irin ni, ó ga ju ènìyàn méjì tó gun ara wọn léjìká lọ, ó sì ní ìdérí tí a fi irin bóòtù dè. Ọmọrogùn irin kan wà nínú rẹ̀ tí mọ́tò ń yí, kì í sì í dúró títí iṣẹ́ fi máa parí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé bí nǹkan ṣe ń wọlé lẹ́nu páìpù ló ń jáde ní ìdí rẹ̀, láìsinmi, bí odò tó ń ṣàn. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni ń se ọbẹ̀ ni: a ó kó èròjà sínú ìkòkò, a ó dúró tì í títí yóò fi jinná, a ó dà á jáde, a ó fọ ìkòkò, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tí a bá sè lẹ́ẹ̀kan ni à ń pè ní ìsè kan. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an nìyẹn. Ìkòkò kan náà lè se òróró tí àwọn aláró fi ń mú aṣọ rọ̀ lónìí, kó sì se ti àwọn tó ń ṣe awọ lọ́la. Ìsè kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé èmi náà níwà.

Òróró lárà la máa ń kọ́kọ́ dà sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó máa kán ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀. A kì í dáná sí i rárá. Bí àwọn méjèèjì bá ti pàdé ni wọ́n ń bínú síra, ìbínú wọn ló ń di ooru, iṣẹ́ tiwa ni láti máa gba ooru yẹn kúrò lára wọn. Bí ó bá gbóná jù, òróró yóò dúdú, yóò máa rùn, kò sì sí aláró tó máa fọwọ́ kàn án. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn yín nìyí. Ìkòkò wa wọ ẹ̀wù irin. Àlàfo wà láàárín ẹ̀wù àti ara ìkòkò, bí èyí tó máa ń wà láàárín kóòtù àti aṣọ tí ẹ ń rán mọ́ ọn nínú. Omi tútù ń gba àlàfo yẹn kọjá, ó ń gbé ooru lọ, kò sì kan ohun tó wà nínú ìkòkò. Èmi ni mo sọ ọ́ ní ẹ̀wù nígbà tí mo dé ibí, nítorí yín. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, nígbà tó yá gbogbo wọn ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi kejì wà, èyí tó ń wọ inú ìkòkò gan-an. Bí ásíìdì bá ti ṣe tirẹ̀ tán, tí ìsè ti sinmi, la máa ń ṣí i láti fi fọ òróró náà. Kò gbọ́dọ̀ wọlé nígbà tí ásíìdì ṣì ń bínú. Ẹ wá wò ó: ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni fáàfù tí a fi ń ṣí omi méjèèjì wà, ọ̀dà kan náà ni wọ́n sì fi kun àwọn méjèèjì.

Ẹni tó ń darí wa nídìí ìkòkò ni à ń pè ní Bàbá Òṣùwọ̀n, nítorí ojú wọn kì í kúrò lára òṣùwọ̀n ooru. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́. Ẹni tó wà nídìí fáàfù lọ́jọ́ náà ni Jẹ́jẹ́, bàbá ọlọ́mọ kan tí kì í pariwo, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tí wọ́n ti ń rọ òróró sínú kẹ́ẹ̀gì wá sọ́dọ̀ wa. Ooru sáré gòkè, ariwo ọmọrogùn gba gbogbo ilé. Bàbá Òṣùwọ̀n nawọ́ sí ìkòkò, wọ́n ní, "Fún un lómi!" Ìkòkò ni Jẹ́jẹ́ rí, ìkòkò ló sì fún lómi.

Ẹ̀gbọ́n, ó bú. Ìfófòó gbígbóná ya jáde lẹ́nu ihò ìdérí, ó dà sí apá Jẹ́jẹ́, èéfín sì bo gbogbo wa. Ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dé ẹnu ọ̀nà kí orí mi tó rántí Jẹ́jẹ́. Mo padà, mo tì í sábẹ́ omi ṣáwà, mi ò sì jẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Bàbá Òṣùwọ̀n dá ásíìdì dúró, wọ́n ti omi inú, wọ́n ṣí ti ẹ̀wù, ó sì rọlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́ fún yín.

Èyí tó dùn mí jù ló tẹ̀lé e. Wọ́n fẹ́ lé Jẹ́jẹ́. Bàbá Òṣùwọ̀n sọ fún ìyá alákòóso wa pé "Fún ẹ̀wù lómi" ni àwọn wí. Mi ò rò pé wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ parọ́. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni wọ́n rò pé ó jáde lẹ́nu wọn. Àmọ́ àárín àwọn méjèèjì ni mo dúró sí, mo sì gbọ́. Bàbá Òṣùwọ̀n yìí kan náà ló ti sọ pé èmi ló yẹ kó máa darí ìsè tiwa láìpẹ́. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n panu mọ́, pé ẹni tó ń gun igi kì í gé ẹ̀ka tó fẹsẹ̀ lé. Mo ronú sí i, ó dá mi lójú pé bí mo bá dákẹ́, mi ò ní lè wo ojú Jẹ́jẹ́ mọ́, mi ò sì ní lè wo ìkòkò yẹn pàápàá.

Inú bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, "un". Ta ni "un"? Ẹ̀wù ni àbí ìkòkò? Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ìkòkò ni o, "un" náà ni. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Tiwa yìí kò mọ sórí fífọ́, ó tún jó ènìyàn.

Nígbà tí wọ́n pè wá sí ìpàdé, mi ò nàka sí ẹnikẹ́ni. Mo bẹ ìyá alákòóso pé kí a kúrò nídìí tábìlì, kí a lọ sídìí ìkòkò. Omi lásán ló wà nínú rẹ̀. A tan ọmọrogùn, ariwo gba ilé, Jẹ́jẹ́ sì lọ dúró nídìí fáàfù pẹ̀lú báńdéèjì lápá. Mo ní kí Bàbá Òṣùwọ̀n darí wa bí ẹni pé ìsè gidi ni. Ìyá alákòóso ń pe iye ooru sókè bí ẹni pé ó ń sáré, Bàbá Òṣùwọ̀n sì wọ inú iṣẹ́ pátápátá, ẹ kúkú mọ bí iṣẹ́ ṣe ń gba ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ́kàn. Ìgbà tó dé góńgó, wọ́n nawọ́, wọ́n ní, "Fún un lómi!"

Jẹ́jẹ́ ò mira. Bàbá Òṣùwọ̀n fúnra wọn ló lọ pa mọ́tò.

"Ohun tí mo wí nìyẹn, mà," ni wọ́n sọ fún ìyá alákòóso. "Ẹ̀wù wà lọ́kàn mi, kò dé ẹnu mi."

Mo bọ̀wọ̀ fún wọn lọ́jọ́ yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọn ò lé Jẹ́jẹ́ mọ́. A fi ọ̀dà búlúù kun fáàfù ẹ̀wù, a fi pupa kun ti inú, a sì fi àgádágodo ti pupa pa títí ìsè yóò fi sinmi. Ẹni tó bá pàṣẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ, ẹni tó bá gbọ́ gbọ́dọ̀ tún un wí. "Un" ti di èèwọ̀ nídìí ìkòkò wa. Àmọ́ bí mo bá kí Bàbá Òṣùwọ̀n láàárọ̀, "hùn" ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ó ń dùn mí o, mo sì ń kí wọn lọ.

Lánàá ni wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní kí n wá dúró nídìí òṣùwọ̀n. Wọn ò rẹ́rìn-ín sí mi. Ooru ń gòkè, ariwo gba ilé, ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn ti dé ètè mi? Mo gbé e mì. Mo ní, "Fún ẹ̀wù lómi!" Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ oníbáńdéèjì yẹn ṣí búlúù, ó ní, "Ẹ̀wù ni mo fún!" Ooru sì rọra ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mo kán díẹ̀ nínú òróró náà sínú ife omi láti dán an wò, ó fẹ́lẹ́, ó funfun bí wàrà, kò sí òróró kankan tó léfòó. Bàbá Òṣùwọ̀n gbé ife náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ títí. Wọ́n ní, "Ó jinná." Ẹ̀gbọ́n, mo sunkún.

Ṣé ẹ ti wá rí i? Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bí gbogbo ẹni tí ẹ̀rù ń bà bá ń di ẹrù, ta ló máa kù nídìí ìkòkò láti sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ò yé ènìyàn?

Ẹ bá mi kí ìyá wa, ẹ má sọ ti èéfín fún wọn. Ẹ kí bàbá àwọn ọmọ, ẹ sì sọ fún onísísọ́ọ̀sì kékeré yẹn pé kó fi aṣọ àwọn oníbàárà yín sílẹ̀.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Aṣọ iṣẹ́ Jẹ́jẹ́ ti bàjẹ́, apá rẹ̀ ò sì tíì gba ohun tó fún. Ẹ bá mi wá aṣọ tó nípọn, kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbòòrò díẹ̀. Bákan náà ni gíga rẹ̀ àti ti bàbá àwọn ọmọ. Ẹ má rán ọkọ̀ wá, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ rán ẹ̀wù.

Tiyín ni mí, bí mo tilẹ̀ kọ̀ tí mi ò bọ̀,
Àbúrò yín,
Olóríkunkun.