Ààrò Búrẹ́dì Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Jó Wa Mọ́lé

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá ọ? Ṣé ara le, ṣé ò ń jẹun kánú, ṣé orúnkún ò máa ń dùn ọ́ lórí àtẹ̀gùn gíga tí ò ń gùn kó o tó dé yàrá rẹ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí igi tí kò nílẹ̀kùn á máa ṣọ́ ìwọ náà níbi tí o wà. Kò sẹ́ni tó kú nílé o. Mo yára sọ ìyẹn ná kí àyà rẹ má bàa já, torí pé tèmi ti já, kò sì tíì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ wà, àbúrò rẹ wà, èmi náà wà, ilé ṣì dúró, àfi apá kan tó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Kí n tó débẹ̀, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè iṣẹ́ tìrẹ, torí òun náà ń bà mí lẹ́rù. Láti ìgbà tí o ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ pé o fẹ́ dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́, o máa ń ní ò ń ṣètò lọ́wọ́. Òjò rọ̀, òjò dá, ò ń ṣètò. Ọmọ aládùúgbò wa gbéyàwó, ìyàwó bímọ, ọmọ náà ti ń rìn báyìí, ó ti ń jí ṣúgà lá, ò ń ṣètò síbẹ̀. Mo bi ọ́ pé níbo ni ètò náà wà tójú ò fi rí i, o ní inú àwọsánmà lo tọ́jú ẹ̀ sí, pé kò séwu. Ọmọ mi, ẹ̀rùn ti dé níbí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń jáde wòkè, ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí àwọsánmà kan ṣoṣo. Bí tọ̀dọ̀ yín náà bá rí bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́, ṣé ètò náà ṣì wà? Bó bá sì bá òjò rọ̀ ńkọ́, orí òrùlé ta ló máa bọ́ sí? O tún ní ò ń dán ọjà wò. Bàbá rẹ ní ọjà kì í ṣe bàtà téèyàn ń dán wò, pé ẹni tó bá gbé igbá kalẹ̀ ni ọjà ń dá lóhùn.

Ṣùgbọ́n èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ọjọ́ tí o ní kí n gbọ́ gbogbo ewu tó lè bá ilé búrẹ́dì. O bẹ̀rẹ̀ látorí iná, o ní eku, o ní olè. Ta ló ń fẹnu ara rẹ̀ pe iná? Mo fi ìrọ̀rí bo fóònù náà kí ọ̀rọ̀ yẹn má bàa rí ọ̀nà wọlé, mo sì jókòó lé e lórí títí o fi dákẹ́.

Àṣé àbúrò rẹ ti gbọ́ tìẹ kí n tó bò ó, níbi tí o ti ní búrẹ́dì lérè lórí. O mọ̀ ọ́n, kì í ṣe lásán ni wọ́n ń pè é ní Wàràwàrà. Kò bi ẹnikẹ́ni, ó dìde. Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, bíríkì ti kún ẹ̀yìnkùlé, ó ń mọ ààrò. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ, ó ní kí ló wà nínú ààrò ju ihò lọ. Ó wá mọ ọ́n ti ògiri yàrá tí bàbá rẹ ń kó pákó iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀ sí, ó ní kí ògiri kan lè ṣiṣẹ́ méjì.

Búrẹ́dì tó kọ́kọ́ yọ jó lẹ́yìn, inú ẹ̀ rí bí amọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e le débi pé bàbá rẹ gbá a mọ́ tábìlì, tábìlì ló dún. Ẹ̀kẹta, hẹn-ẹn! Òórùn ẹ̀ gba gbogbo àdúgbò, àwọn èèyàn tẹ̀ lé imú wọn dé ẹnu ọ̀nà wa. Aránṣọ tó wà ní òdìkejì wá, birikílà wá, ó sì ti tán kí n tó bu èyí tí n ó tọ́ wò. Inú mi dùn, ọmọ mi, ṣùgbọ́n inú dídùn yẹn ń gbọ̀n nínú mi bí omi inú abọ́ tọ́mọdé gbé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń fọṣọ, bàbá rẹ ń sùn nínú ilé, òórùn kan bá gba imú mi. Mo rò pé búrẹ́dì ló ń jó. Mo yọjú sí ààrò, búrẹ́dì wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí èéfín tó ń yọ lábẹ́ òrùlé yàrá pákó. Ògiri yẹn ti gbóná, ó gbóná, títí pákó tó fara tì í nínú lọ́hùn-ún fi gbiná. Mo figbe ta, mo ń pe àbúrò rẹ. Ògiri kan péré ló wà láàárín iná yẹn àti orí bàbá rẹ.

Wàràwàrà ló fò wọlé, ó gbé bàbá rẹ lé èjìká bí àpò ìyẹ̀fun, bàbá rẹ ń pariwo pé ta ló ń jí òun gbé. Mo da omi ọṣẹ sí i, aránṣọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá, birikílà ń fi ṣọ́bìrì wa yẹ̀pẹ̀ sí i. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò lódindi, mo sọ ọ́ sínú iná. Ibi tó bà sí kú lóòótọ́, ó sì jiná níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

A pa á. Púpọ̀ nínú pákó bàbá rẹ ti di èédú. Kò bú ẹnikẹ́ni, ìyẹn gan-an ló sì já mi láyà. Ó kàn ń fọwọ́ pa ògiri, ó ń sọ pé ó ṣì gbóná, ó ṣì gbóná.

Láti ọjọ́ náà ni Wàràwàrà ò ti yára mọ́. Orí bíríkì ló ń jókòó sí, ó ní òun ò tún dáná láyé. Ó wá bi mí pé kí ni ẹ̀gbọ́n òun sọ nípa iná lọ́jọ́ yẹn. Mo ní mi ò gbọ́, mo ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní, Màámi, bóyá ibẹ̀ ló ti ń sọ ibi tó yẹ kí ààrò wà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí òtútù. Mo rò pé ò ń pe iná ni, àṣé ò ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn ni.

Àwọn èèyàn ò sì yé kan ilẹ̀kùn láràárọ̀ pé búrẹ́dì dà. Àná ni ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ wá. Ó ní bí àwọn ọmọ bá wọlé ní sáà tuntun, ṣé a lè máa ṣe búrẹ́dì fún wọn. Bàbá rẹ wolẹ̀, àbúrò rẹ wolẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá ní ká lọ rò ó, a ó rò ó bíi tìẹ títí àwọn ọmọ á fi di bàbá ọmọ. Bí mo bá sì ní ká bẹ̀rẹ̀ kíá, èyí tó kù nínú ilé á jó. Ni ẹnu mi bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, a ó ṣe é, ọmọ mi obìnrin ń bọ̀ wá ṣe é. Ọmọ mi, mi ò tíì bi ọ́. Bí ọ̀gá náà ṣe kẹ́yìn ni mo lọ wá ìwé tí n ó fi kọ lẹ́tà yìí. Bàbá rẹ ní ẹ̀rù làwọn ẹlòmíì fi ń sá, èmi fi ń ṣèlérí.

Mo bẹ̀ ọ́, wá. Gba ètò rẹ padà lọ́wọ́ àwọn tó bá ọ gbé e sínú àwọsánmà. Bí wọ́n bá ní kó o kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù, kọ ọ́, má bá wọn jà. Bí kò bá tíì pé, gbé e wá bẹ́ẹ̀. Èyí tó kù, iwájú ààrò lẹ ó ti rí i. Àbúrò rẹ lágbára, kò mọ ibi tí yóò lò ó sí. Ìwọ mọ ibẹ̀, o ò tíì gbọn ìyẹ̀fun kan dà nù rí.

Mú owó díẹ̀ dání fún ilẹ̀kùn irin àti páìpù èéfín, àti fún pákó tí bàbá rẹ yóò fi tún bẹ̀rẹ̀. Jọ̀ọ́, má fi ránṣẹ́ sínú fóònù mi mọ́. Èyí tó o ní o fi síbẹ̀ níjelòó, mo tú ẹ̀yìn fóònù wò, bátìrì nìkan ni mo bá.

Mò ń gbọ́ àbúrò rẹ lẹ́yìnkùlé bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ń tú ààrò yẹn palẹ̀, ó ń ru bíríkì lọ sí ìpẹ̀kun ọgbà. Ó wá bi mí pé ṣé ó jìnnà sílé tó, mo ní mi ò mọ̀. Ó tò wọ́n jọ, kò tíì fi wọ́n mọ nǹkan kan. Ìwọ ló ń dúró dè.

Ọlọ́run má jẹ́ ká ṣètò títí ọjọ́ á fi lọ, kó má sì jẹ́ ká yára títí ilé á fi jó. Ọkọ̀ tí yóò gbé ọ wá ò ní forí sọ igi, ọwọ́ tí o bá fi kan iṣẹ́ náà ò ní jóná.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tí kò jẹ́ kí wọ́n ti fèrèsé yàrá tí bàbá rẹ ń sùn mọ́.