Ọkùnrin Tó Gbé Báàgì Nínú Àwòrán Èbúté

Ọmọ mi àtàtà, àbíkẹ́yìn mi, ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ò ń rí oorun sùn? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní gbàgbé ọ síbẹ̀, àìsàn kò ní mọ ojúlé rẹ, ojú rere ni ọ̀gá rẹ yóò máa fi wò ọ́. Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ó sì ti ní kí n dín àdúrà kù nítorí aṣọ oníbàárà wà lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọ, kì í ṣe télọ̀.

Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ. Òjò wó ògiri yàrá rẹ lápá kan, a ti rẹ́ ẹ padà. N kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ẹrù síbẹ̀, àfi àwọn ẹní tí mo hun, ọjọ́ tí o bá dé ni n óò kó wọn jáde.

Ọ̀rọ̀ odò ló mú mi kọ̀wé. O mọ̀ pé láti kékeré rẹ ni ìjọba ti fi òfin dáàbò bo odò wa, tí wọ́n ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì kankan kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, nítorí ẹja tó ń yé sábẹ́ koríko níbi tí odò ti yí kọ́nà. Pátákó òfin náà ṣì dúró. Àfi bí àwọn òṣìṣẹ́ kan ṣe dé tí wọ́n ní ìjọba fẹ́ kọ́ èbúté síbẹ̀ gan-an, kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì lè máa gbé èèyàn wá láti ìlú ńlá. Mo bi wọ́n bóyá ìjọba méjì ló wà, tàbí ọ̀kan náà ló gbàgbé ohun tó kọ. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti ń gé koríko tí mo fi ń hun ẹní, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, tí o di irun mi mú bíi pé o fẹ́ fà á tu. Bí wọ́n bá hú koríko yẹn, kí ni n óò fi hun ẹní, níbo sì ni ẹja yóò yé sí?

Wọ́n kó wa jọ sí kíláàsì ilé ìwé, wọ́n gbé fóònù kan lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ní kí ẹni tó bá lọ́rọ̀ bọ́ síwájú, pé ohun tí a bá sọ yóò dé ìlú ńlá lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe gbọ́ ìlú ńlá, mo sáré lọ pààrọ̀ aṣọ. Nígbà tó kàn mí, mo kí ọ dáadáa, mo bi ọ́ bóyá ikọ́ yẹn ti lọ, mo ní kí o bá wa sọ fún wọn níbẹ̀ pé a ò fẹ́ èbúté. Lẹ́yìn náà mo dákẹ́ kí o lè dáhùn. Mo dúró títí, gbogbo kíláàsì dúró tì mí. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú fóònù náà wá fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kò sí ẹnikẹ́ni tó máa dáhùn. Mo ní mo mọ̀, pé ẹnu iṣẹ́ lo wà.

Bàbá rẹ ló wá da ọ̀rọ̀ rú. Àwọn òṣìṣẹ́ pín àwòrán bí èbúté náà yóò ṣe rí, Bàbá rẹ gbé tiwọn sún mọ́ ojú, wọ́n ní ọkùnrin tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tó gbé báàgì kọ́ èjìká, pé ìwọ ni. Mo ní kì í ṣe ìwọ, ọrùn ẹni yẹn ti gùn jù. Wọ́n ní ìlú ńlá ló fà á. Wọ́n ní bí ìjọba ò bá mọ̀ pé ò ń bọ̀, kí ló dé tí wọ́n fi yà ọ́ síbẹ̀? Wọ́n ti gbé e kọ́ sókè ibùsùn, wọ́n ti gé ọ̀pá ìtilẹ̀ tuntun, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lọ jókòó sétí odò, èmi ni mo máa ń lọ mú wọn wálé.

Ilé kọ̀ọ̀kan, ohùn kan ni àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ gbà, olórí ilé ni yóò sì sọ ọ́. Bí oṣù tuntun bá lé ni wọ́n ń padà bọ̀. Bàbá rẹ, tó jẹ́ ẹja odò yìí ni wọ́n pa tí wọ́n fi tọ́ ọ, ní àwọn máa ní kí wọ́n kọ́ èbúté náà. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ìbínú náà ò dọ́kàn. Bí wọn ò bá sí nílé, èmi náà máa ń wo àwòrán yẹn. Mo máa ń fọwọ́ bo ọrùn ẹ̀, bóyá ó máa jọ ọ́.

Owó tí o ń fi sínú fóònù Bàbá rẹ ń dé o, wọn kì í jẹ́ kí n dojú fóònù náà dé, kí owó má baà dà. Ẹ̀bẹ̀ owó ni mo tún fẹ́ bẹ̀, pé ti oṣù yìí, má fi ránṣẹ́. Fi wọ mọ́tò, kí o wá kí oṣù tó lé. Ọ̀nà tí o gbà lọ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ti dí kòtò ojú ẹ̀. Kì í ṣe èbúté ni Bàbá rẹ ń wá, ọkàn mi náà sì ń fà sí ọ jù. Bí Bàbá rẹ bá rí i pé orí ilẹ̀ lo gbà dé, wọ́n á fi odò sílẹ̀.

Ọlọ́run yóò mú ẹsẹ̀ rẹ rọrùn, mọ́tò tí o bá wọ̀ kò ní dúró sọ́nà, ayọ̀ la ó fi pàdé rẹ. Bí o bá dé tí o ò bá Bàbá rẹ nílé, o mọ ibi tí wọ́n wà. Omi ni wọ́n máa kọjú sí, nítorí náà pè wọ́n láti ẹ̀yìn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.