Bí Téèpù Ṣe Lé Haúsá Jáde Lórí Mi

Tudun Wada, Mínná.

Oyèbọ́lá, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ìwé kíkà, mo kí ọ kú àìsùn rẹ̀. Olúwa tó mú ọ dé Ìbàdàn kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ara ìyá rẹ le, òjò kò tíì rọ̀, ara èmi náà le, orí mi nìkan ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. O ní àwọn olùkọ́ yín sọ pé àyè kékeré kan wà nínú orí tí ènìyàn ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, pé bí iṣẹ́ bá ti kún un, èdè àjèjì ni kì í ríbi jókòó. Àṣé èmi ni ẹ̀ ń kọ́ níbẹ̀! Ọdún mẹ́rìnlélógún rèé tí mo ti ń ránṣọ níhìn-ín, mo lè fi Haúsá kí ènìyàn tìyàtọmọ, ṣùgbọ́n kí n ti fa téèpù yọ, Haúsá á ti sá lọ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ Mínná di olú ìlú ìpínlẹ̀ tuntun ni òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń rọ́ wọlé. Ọ̀gá kan, Àlájì Àbdùlwàhídù, ń wá télọ̀ tí yóò máa rán aṣọ fún àwọn mẹsẹ́ńjà rẹ̀ mẹ́jọ. Bí mo bá rí iṣẹ́ yẹn gbà, mo kúrò lábẹ́ igi máńgòrò nìyẹn, mo gba ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n kọ́kọ́ wọn òun wò. Mo wọn àyà, mo há méjìlélógójì mọ́rí, ìgbà náà ló fi Haúsá bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí. Mo ní méjìlélógójì. Ó ní kai, ìyàwó mélòó wá ni? Mo ti dé ìbàdí nígbà yẹn, mo ní mẹ́rìndínlógójì. Èmi, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi! Àwọn mẹsẹ́ńjà tó dúró tì wá rẹ́rìn-ín títí ẹnìkan fi jókòó sílẹ̀. Àlájì ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé, pé òun á ṣì wo télọ̀ mìíràn.

Ni mo bá gbé lẹ́tà rẹ lọ sí dìsípẹ́ńsárì. Mo bẹ nọ́ọ̀sì Roseline pé kí ó fi ẹ̀rọ tí ń ya fótò egungun wo àyè kékeré náà, bí ẹrù àtijọ́ bá wà níbẹ̀, kí ó fún mi lóògùn tí yóò gbá a dànù. Ó wo lẹ́tà, ó wo ojú mi, ó fún mi ní oògùn aràn. Mo lò ó. Aràn jáde, Haúsá kò wọlé.

Ìgbà náà ni mo rántí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò mọ̀wé, okùn ló fi ń wọn ènìyàn, á ta kókó síbi àyà, á ta kókó síbi ìbàdí, kò ní há nọ́ńbà kankan mọ́rí. Mo mú okùn lọ lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ mi, ọwọ́ ń ta kókó, ẹnu ń sọ Haúsá! Mo wọn àwọn mẹsẹ́ńjà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mo sì ń béèrè àlàáfíà ìyá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlájì ní ó dára, kí n lọ rán an wá. Mo délé, mo kó okùn mẹ́jọ jáde lápò, funfun ni gbogbo wọn, n kò mọ okùn ẹni tó sanra yàtọ̀ sí ti ẹni tó ga.

Ìyá rẹ ní kí n rán gbogbo rẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀ kí n dákẹ́. N kò lè fi irọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo padà lọ jẹ́wọ́ pé, ranka ya dade, kí ẹ̀mí yín gùn, mo sọ ènìyàn mẹ́jọ nù sínú àpò. Àlájì mí kanlẹ̀. Ó ní kí n fa téèpù, kí n máa pe nọ́ńbà, òun fúnra òun á máa kọ ọ́. Ibi tí mo ti pe ọ̀kànlélógójì ni akọ̀wé kan yọjú, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé aago mélòó ni ìpàdé. Àlájì ní aago mọ́kànlélógójì.

Ó wò mí. Mo tẹjú mọ́lẹ̀. N kò rẹ́rìn-ín o, Oyèbọ́lá, iṣẹ́ ni mo wá gbà.

Bí ìjọba bá ti fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lówó ìrànwọ́ yín, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra àgádágodo tó nípọn fún ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Níbi tí ojú wa kò tó, ojú Olúwa yóò máa bá wa ṣọ́ ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àjàní, télọ̀ ìjọba.